Orúkọ àwọn ará Írẹ́lándì: ìtumọ̀ wo ni mo máa sọ fún bàbá ọkọ mi?

Ìyá_Arẹ̀wà (Dublin)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Oṣù tí ń bọ̀ ni mo máa bí ọmọ mi kejì, bí Ọlọ́run bá fẹ́, a kò sì jẹ́ kí dókítà sọ fún wa bóyá akọ ni tàbí abo. Orúkọ Yorùbá kì í ṣe ìṣòro wa, nítorí àwọn òbí wa ní Abẹ́òkúta ti ń kó tiwọn jọ láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ ìròyìn. Ohun tí ó gbé mi wá síbí ni ìyá àgbà kan, ọmọ bíbí Írẹ́lándì, tí ó múlé tì wá, tí ó sì ń bá mi wo àkọ́bí mi bí ìgbà tí ìyá mi bá wà níbí. Ó wà níbi ìkómọjáde àkọ́kọ́, ó rí i bí olúkúlùkù ṣe ń ju owó sínú abọ́ omi tí ó sì ń sọ ọmọ lórúkọ. Ó ti wá sọ fún mi pé òun ti ya owó tòun sọ́tọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, òun náà fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ kan láti inú èdè òun.

Ó kọ mẹ́jọ sílẹ̀ fún mi: Oisín, Tadhg, Liam àti Cian bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, Aoife, Niamh, Saoirse àti Caoimhe bí ó bá jẹ́ obìnrin. Mo kà wọ́n fún bàbá ọkọ mi lórí fóònù, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Kí ni ìtumọ̀ wọn?" Wọ́n ní a kì í sọ ọmọ ní orúkọ tí a kò lè túmọ̀. Mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojúlé kan ní ẹwà ni Aoife, èkejì ní ìyè ni, ẹ̀kẹta ní ìdùnnú ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níbí, ẹ dákun, kí ni òótọ́ inú ọ̀rọ̀ yìí?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú (Cork)

Ẹ sọ ọ́ ní Liam kí ẹ lọ sinmi. Ó kúrú, ẹnu bàbá yóò gbà á, kò sí lẹ́tà tí a ń kọ tí a kì í pè nínú rẹ̀, ojúlówó orúkọ Írẹ́lándì sì ni.

Olùkọ́_Galway

Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, Liam kì í ṣe ọmọ bíbí inú Gaeilge, èdè àwọn ará Írẹ́lándì. Uilliam ni wọ́n gé kúrú di Liam, Uilliam náà sì ni William tí àwọn Norman, àwọn ajagun tí ń sọ èdè Faransé, gbé wọlé lẹ́yìn tí wọ́n gúnlẹ̀ sí etíkun Írẹ́lándì ní 1169. Inú èdè àwọn ará Jámánì àtijọ́ ni ó ti ṣẹ̀: apá kan rẹ̀ ni ìfẹ́-inú, apá kejì ni àṣíborí ogun. Ọ̀nà kan náà ni Seán, Siobhán àti Sinéad gbà wọlé; Johannu inú Bíbélì ni gbogbo wọn, tí ó gba ẹnu àwọn Faransé kọjá kí ó tó dé ibí, ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Hébérù sì ni pé Ọlọ́run ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Nítorí náà, kí Ìyá Arẹ̀wà tó béèrè ìtumọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ibi tí orúkọ ti wá. Àwọn tí ó jáde láti inú èdè náà fúnra rẹ̀ kì í ṣòro láti túmọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣì ń lò lójoojúmọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ẹ bá rí -án tàbí -ín ní ìdí orúkọ, "kékeré" ni ó sábà máa ń jẹ́, ó sì ń gbé ìkẹ́ dání. "Ciar" ni dúdú, Ciarán sì ni dúdú kékeré. "Rón" ni ẹran omi tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní séálì, Rónán sì ni ọmọ rẹ̀. Aodh ni iná, Aodhán ni iná kékeré. "Os" ni àgbọ̀nrín, Oisín sì ni àgbọ̀nrín kékeré. Àwọ̀ irun tàbí ti ara ni ọ̀pọ̀ orúkọ àtijọ́ wọn ń sọ, bí àwa náà ṣe ń pe ẹni pupa ní Apọ́nbéporé: Fionn ni funfun tàbí ẹni tí ara rẹ̀ mọ́, Ruairí sì ni ọba pupa. (Mo mọ ọmọ Èkìtì kan níbí tí ó ń jẹ́ Fionn. Ó dúdú bí kóró iṣin, orúkọ náà sì bá a mu lójú gbogbo wa.)

Nínú mẹ́jọ tí wọ́n kọ fún yín, Cian jẹ́ ohun tí ó ti pẹ́ tàbí tí ó jìnnà. Niamh jẹ́ ìmọ́lẹ̀, dídán. Caoimhe wá láti inú "caomh", èyí tí ó jẹ́ pẹ̀lẹ́, ọ̀wọ́n àti arẹwà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú "caomh" yìí náà ni Caoimhín ti wá, orúkọ ẹni mímọ́ Glendalough tí gbogbo ayé ń pè ní Kevin.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú (Cork)

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣé Pádraig gan-an kì í wá ṣe tiwọn?

Olùkọ́_Galway

Látìnì ni. Patricius ni, èyí tí ó jẹ́ ọmọ ọlọ́lá, ẹni mímọ́ náà fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe ọmọ Írẹ́lándì. Bírítéènì ìgbà tí àwọn ará Róòmù ń ṣàkóso ni wọ́n ti jí i gbé wá bí ẹrú. Ẹ̀yin yóò fẹ́ràn èyí: fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn ará Írẹ́lándì kì í sábà fi orúkọ náà sọ ọmọ, ọ̀wọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù lójú wọn. Giolla Phádraig ni wọ́n ń sọ, "ìránṣẹ́ Pádraig", tàbí Maol Phádraig, "olùfọkànsìn tí ó fárí fún Pádraig". Ó jọ Abdul tí àwọn Mùsùlùmí ń fi síwájú orúkọ Ọlọ́run. Ọ̀rúndún 17 ni Pádraig lásán tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́pọ̀. Títí di òní, Muire ni ìyá Jésù nìkan ń jẹ́ ní èdè náà. Máire ni obìnrin yòókù.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú (Cork)

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò gbà pé nítorí èyí Liam kì í ṣe tiwọn. Bùráímọ̀ àti Lámídì, ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni wọ́n ti wá, síbẹ̀ kò sí Lárúbáwá tí yóò gbọ́ Bùráímọ̀ tí yóò mọ̀ pé orúkọ òun ni. A ti pè é títí ó ti di tiwa. Ohun tí àwọn ènìyàn yìí fi 800 ọdún rọ ní ẹnu ara wọn, ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn.

Bàbá_Àgbà_Ẹ̀gbá (Limerick)

Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ̀rọ̀ ìtumọ̀, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ nìkan kọ́ ni àwọn baba wa ń wò. Orúkọ a máa ro ọmọ. Ta ni ó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ, kí sì ni ojú rẹ̀ rí? Àwọn ọmọ mi kọ́ ìtàn Oisín ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbí, èmi ni mo sì ń gbọ́ iṣẹ́ àṣetiléwá wọn, nítorí náà mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Niamh gun ẹṣin funfun wá láti òkè òkun, ó gbé Oisín lọ sí Tír na nÓg, ilẹ̀ àwọn ọ̀dọ́, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í darúgbó. Ó rò pé ọdún mẹ́ta ni òun lò níbẹ̀. Ọ̀ọ́dúnrún ọdún ni. Nígbà tí àárò ilé sọ ọ́, Niamh kìlọ̀ fún un pé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má ṣe kan ilẹ̀. Ó délé, kò bá baba, kò bá ẹgbẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹṣin kí ó lè bá àwọn kan gbé òkúta, okùn gàárì já, ó ṣubú, ó sì di arúgbó kùjọ́kùjọ́ lójú ẹsẹ̀.

Àwa tí a wà ní àjò, tí a ń gbàdúrà pé kí a má pẹ́ jù kí a tó rí ilé, ṣé ìtàn tí a fẹ́ kí ó ro ọmọ wa nìyẹn? Bí ó bá jẹ́ èmi ni bàbá tí wọ́n tẹ̀ láago, n kò ní gbà.

Adéọdẹ (Ìsẹ́yìn)

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti àárín. Fionn mac Cumhaill, baba Oisín, ọdẹ ni. Ó pàdé àgbọ̀nrín kan nínú igbó, àwọn ajá rẹ̀ méjèèjì, Bran àti Sceolan, kọ̀ láti pa á, ó sì tẹ̀ lé wọn délé. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó di obìnrin. Sadhbh ni orúkọ rẹ̀; oṣó kan ni ó fi èpè sọ ọ́ di ẹranko. Fionn fi í ṣe aya. Nígbà tí Fionn lọ sí ogun, oṣó náà padà wá mú un lọ, lẹ́yìn ọdún méje ni wọ́n rí ọmọkùnrin kan ní orí òkè Ben Bulben ní Sligo, àgbọ̀nrín ni ó tọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń jẹ́ Oisín.

Èwo nínú àwa ọmọ ọdẹ ni a kò pa irú àlọ́ yìí fún? Ọdẹ tí ó lúgọ sórí igi, tí ó rí ẹranko tí ó bọ́ awọ sílẹ̀ tí ó di arẹwà obìnrin, tí ó jí awọ náà gbé tí ó sì fẹ́ ẹ níyàwó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ti Sadhbh, ó dà bí ẹni pé ará Òkè-Ògùn ni ó ń pa á.

Ohun kejì, ìparí tí Bàbá sọ kì í ṣe ìparí rẹ̀. Wọ́n ní lẹ́yìn tí Oisín darúgbó, ó bá ẹni mímọ́ Pádraig jókòó, ó ń ròyìn gbogbo iṣẹ́ akin àwọn Fianna, ẹgbẹ́ jagunjagun baba rẹ̀, fún un, wọ́n sì ń bá ara wọn jiyàn lórí ayé àtijọ́ àti ìgbàgbọ́ tuntun. Bí kò bá padà wálé, ta ni ìbá pa ìtàn náà? Akéwì ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, wọn kò mọ̀ ọ́n sí ẹni tí ó ṣubú lórí ẹṣin.

Bàbá_Àgbà_Ẹ̀gbá (Limerick)

Ó ṣeun, ọmọ mi. N kò ì tíì gbà, ṣùgbọ́n ó ṣeun.

Ìyá_Aoife

Èmi ti sọ tèmi ní Aoife, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ìpè rẹ̀ ni "Íìfà". Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi lórí fóònù, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní: "Ifá bí i ti babaláwo?" Ìyá Ìjọ ni ìyá mi. Oṣù kan gbáko ni wọ́n fi pe ọmọ náà ní "ọmọ yẹn". Ẹ̀gbọ́n mi ni ó tún un ṣe. Ó ní Ifá kọ́, ìfà ni, irú èyí tí ènìyàn ń jẹ láìṣe wàhálà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ìfà-mi, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo orúkọ rẹ̀ yòókù lọ.

Ní ti ìtumọ̀, Éfà ni, ìyá gbogbo alààyè. Ẹni tí ó tẹ ìwé ìrìbọmi rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Olùkọ́_Galway

Ìtàn yín dùn púpọ̀, Ìyá Aoife, ṣùgbọ́n Éfà kọ́. Ohùn tí ó jọra ni ó jẹ́ kí àwọn tí ń kọ ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì máa fi Eva dípò Aoife, ibẹ̀ ni ojúlé tí ó sọ pé "ìyè" ti rí i. Éfà ti inú Bíbélì ní èdè Gaeilge ni Éabha. Aoife ti wà kí Bíbélì tó dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń so ó mọ́ "aoibh", èyí tí ó jẹ́ ẹwà àti ìdùnnú, nítorí náà ojúlé méjì yòókù tí Ìyá Arẹ̀wà rí ń wo ọ̀rọ̀ kan náà.

Irú àyípadà yìí ni ó ba ọ̀pọ̀ orúkọ wọn jẹ́. Ní 1366, òfin tí wọ́n ṣe ní Kilkenny pàṣẹ pé kí gbogbo ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ń gbé Írẹ́lándì jẹ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí wọ́n ti ń di ará ibẹ̀ jù. Nígbà tí ó yá, ó kan àwọn onílẹ̀ náà. Akọ̀wé á gbọ́ Aodh, á kọ Hugh. Á gbọ́ Tadhg, á kọ Timothy. Diarmaid di Jeremiah, Conchobhar di Cornelius, Gráinne di Grace. Kò sí èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ bá èkejì mu. Lẹ́yìn tí wọ́n dá Conradh na Gaeilge sílẹ̀ ní 1893 láti gbé èdè náà dìde, ni àwọn ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí orúkọ àtijọ́, tí wọ́n sì ń dá tuntun.

Saoirse wà lára àwọn tuntun. Òmìnira ni ìtumọ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹnì kan tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn àtijọ́ wọn. Ọ̀rúndún 20 ni ó di orúkọ ènìyàn, bí ẹni tí ó bímọ ní ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀wàwà 1960 tí ó sì sọ ọ́ ní Òmìnira. Fiadh, tí ó ṣáájú gbogbo orúkọ ọmọbìnrin ní Írẹ́lándì ní 2021, orúkọ ìwòyí náà ni, láti inú ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ ẹ̀dá inú igbó àti àgbọ̀nrín.

Ìyá_Aoife

Mo gbà. Ìfà ni yóò sì máa jẹ́ nílé wa.

Àkànní (Dublin)

Ohunkóhun tí ẹ bá mú, ẹ ṣọ́ àmì orí rẹ̀. Ilà tí ń bẹ lórí fáwẹ́lì wọn, fada ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe ohùn òkè bí tiwa. Ó ń sọ fún ọ pé kí o fa fáwẹ́lì náà gùn. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò lórí Seán, "sean" ni ó kù, arúgbó sì ni ìyẹn. Ó dà bí ẹni tí ó kọ Ayọ̀ tí wọ́n kà á sí ayò ọlọ́pọ́n. Ọ́fíìsì kan tí mo lọ yọ gbogbo àmì orúkọ ọmọ mi, ti Yorùbá àti ti Gaeilge, wọ́n ní kọ̀ǹpútà àwọn kò gbà á. Oṣù mẹ́ta ni òfin fún yín láti fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìbí. Ẹ kọ ọ́ sí ìwé ńlá gàdàgbà, ẹ gbé e lọ, kí ẹ sì ka èyí tí wọ́n tẹ̀ kí ẹ tó buwọ́ lù ú.

Ẹ má sì jẹ́ kí h wọn bà yín lẹ́rù. Láyé àtijọ́, àmì tóótó kan ni wọ́n ń fi sí orí lẹ́tà láti fi hàn pé ó ti rọ̀. Ọ̀rúndún 20, nígbà tí wọ́n fi lẹ́tà Róòmù rọ́pò irú lẹ́tà àtijọ́ wọn, ni wọ́n wá ń gbé h sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà níbi gbogbo dípò tóótó náà. Àwa náà kò kúkú ní ẹnu níbẹ̀, àwa tí a ń kọ Shola. Bh àti mh wọn sábà máa ń dún bí f wa tí ó wúwo díẹ̀, ni Niamh fi jẹ́ "Níìfù", tí Caoimhe sì jẹ́ "Kíìfà" ní àríwá, "Kwíìfà" ní gúúsù. Níbi tí s bá sì ti fara kan e tàbí i, ṣ gidi ni: Seán, Sinéad, Oisín.

Ará_Belfast

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Dublin lè má mọ èyí. Tadhg jẹ́ akéwì, orúkọ iyì ni ní Cork àti Kerry, "Táìgì" ni ìpè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ wa lókè níhìn-ín, orúkọ náà ni àwọn kan fi ń bú àwọn Kátólíìkì láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì ń kọ ọ́ sí ara ògiri. Bí ẹ bá rò pé iṣẹ́ lè gbé yín wá sí Àríwá lọ́jọ́ kan, ẹ rò ó dáadáa.

Ìyá_Arẹ̀wà (Dublin)

Ẹ ṣeun gan-an, mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. Ó fẹ́ràn Oisín, èmi sì gba ọ̀rọ̀ Bàbá Àgbà gbọ́ díẹ̀, nítorí náà a kò tíì rí ojú rẹ̀. Ìyá àgbà ní bí mẹ́jọ náà kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, kí a béèrè òmíràn lọ́wọ́ òun. Ǹjẹ́ orúkọ kan wà tí ọkùnrin àti obìnrin lè jẹ́, tí ẹnu àwọn àgbà wa kò sì ní kọ́?

Àbẹ̀ní (Kildare)

Dara. Bí ẹ ṣe kọ ọ́ ni ẹ ṣe máa pè é. "Dair" ni igi óákù ní èdè wọn, ìlú tí mo ń gbé gan-an ni Cill Dara, ṣọ́ọ̀ṣì igi óákù, níbi tí ẹni mímọ́ Bríd dá ilé ìjọsìn rẹ̀ sílẹ̀. Ní apá Connemara, ẹni mímọ́ kan wà tí ń jẹ́ Mac Dara, ọmọ Dara. Erékùṣù rẹ̀ wà nínú òkun níbẹ̀, àṣà àwọn apẹja sì ni pé bí ọkọ̀ wọn bá ń kọjá níwájú rẹ̀, wọ́n á rẹ aṣọ ìgbòkun sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láti fi júbà. Akọ ń jẹ́ ẹ, abo ń jẹ́ ẹ. Bí ó bá sì dé Abẹ́òkúta, Olúwadára ni wọ́n máa rò pé ẹ gé kúrú.

Olùkọ́_Galway

Ó dára, àfi ohun kan tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ọmọ ilé-ìwé tó fi ṣe yẹ̀yẹ́: "an dara" ní èdè Gaeilge ni "ìkejì". Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni, ṣùgbọ́n bákan náà ni wọ́n ń kọ ọ́.

Àbẹ̀ní (Kildare)

Olùkọ́, ọmọ kejì ni wọ́n ṣáà fẹ́ bí. Ẹ padà lọ ka ìlà àkọ́kọ́.

Ìyá_Arẹ̀wà (Dublin)

Mo ti rẹ́rìn-ín títí inú ń dùn mí. Mo pe bàbá ọkọ mi láàárọ̀ yìí, mo sọ fún wọn pé Dara ni, igi óákù ni. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní: "Ṣé igi óákù tí orí Ábúsálómù há sí?" N kò mọ ohun tí mo máa dá wọn lóhùn.

Bàbá_Àgbà_Ẹ̀gbá (Limerick)

Ẹ ka Àwọn Onídàájọ́ orí 6 ẹsẹ 11 fún wọn. Áńgẹ́lì tí ó wá pe Gídíónì ní alágbára akọni ọkùnrin, abẹ́ igi óákù ni ó jókòó sí.

Ìyá_Arẹ̀wà (Dublin)

Mo kà á fún wọn tán ni. Wọ́n ní kí n kọ Dara sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí n kọ ọ́ sí ẹ̀yìn tiwọn, kí n sì sọ fún ìyá àgbà pé owó tí ó yà sọ́tọ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ti àwọn àgbà ilé.